Ilẹ̀kùn Tó Ní Ìta Ni Àwọn Àgbà Wà

Náírà méjì ni wọ́n ń ta àgádágodo tó dáa nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ẹgbẹ́dá. Àgádágodo tí mo ń wí yìí wúwo débi pé bí ó bá já lé ọ lẹ́sẹ̀, wàá tiro fún ọ̀sẹ̀ kan. Lónìí, bí o bá fa náírà méjì yọ, alágbe gan-an yóò bi ọ́ pé níbo lo ti hú u jáde. Káàdì pẹlẹbẹ kan ṣoṣo tí à ń fi ṣílẹ̀kùn báyìí, tí kò wúwo ju ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ lọ, owó rẹ̀ ju èyí tí bàbá mi fi ra kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n ń gùn lọ sóko kòkó. Bàbá mi sì gun kẹ̀kẹ́ yẹn títí mo fi jáde yunifásítì.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ bí ọjọ́ ti pẹ́ tó ni, kì í ṣe pé owó ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ sí. Èmi náà jókòó rò ó rí. Mo ti gba oyè nínú físíìsì, wọ́n sì ti gbà mí síṣẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé girama kan ní ẹ̀gbẹ́ Ẹgbẹ́dá. Mo lè sọ bí oòrùn ti jìnnà sí wa tó láìwo ìwé. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ yàrá mi sọnù, mo sì dúró síwájú ilẹ̀kùn ara mi bí àlejò tí wọn kò retí. Wọ́n ní kí n lọ pe Ọ̀gá Sámù.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ọ̀gá Sámù, ọmọ ìjọ Kérúbù, wọ́n sì máa ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn nílé rẹ̀. Wọ́n bẹ ihò kọ́kọ́rọ́ mi wò, wọ́n ki irin tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí. N kò tíì dúpẹ́ tán tí wọ́n fi ti yà sí títì. Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Kí táàmù yẹn tó parí, mo ti fiṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, mo ti di ọmọṣẹ́ alágádágodo. Ohun tí bàbá mi sọ nígbà tí ìròyìn náà dé Erúnmu, ìlú wa, ẹ jẹ́ kó wà lọ́hùn-ún.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Láyé ìgbà náà, ọwọ́ la fi ń rẹ́ eyín kọ́kọ́rọ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi di fáìlì irin mú, n kò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Bí mo bá rẹ́ kọ́kọ́rọ́ tán, Ọ̀gá Sámù kì í wò ó. Wọ́n á di ojú, wọ́n á fi àtàǹpàkò tọ́ eyín rẹ̀ lọ láti ìdí dé ṣóńṣó, wọ́n á sì jù ú sínú garawa. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní eyín kẹta kò dáa. Mo mú ohun ìwọ̀n tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì wá, mo fi hàn wọ́n pé eyín kẹta kò ní àbùkù kankan. Wọ́n gbọ́ mi dópin. Wọ́n ní, "Ó dára, Físíìsì. Ní kí ohun ìwọ̀n yẹn bá wa lọ ṣílẹ̀kùn oníbàárà." Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí mọ́ ní gbogbo òpópónà wa.

Ohun tó le jù lọ́wọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́. Wọn kì í gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tí kò bá mú kọ́kọ́rọ́ náà fúnra rẹ̀ wá. Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ọṣẹ ìfọṣọ kan sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ti tẹ kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn mọ́ ọṣẹ náà, àpá rẹ̀ hàn ketekete. Ó ní kí wọ́n bá òun fi àpá yẹn ṣe kọ́kọ́rọ́, pé ẹ̀gbọ́n òun ló ni ilé. Ọ̀gá Sámù gbé ọṣẹ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ní kí n bu omi wá. Mo bu omi wá. Wọ́n fi ọṣẹ náà fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n fọ ojú, wọ́n tún ní kí n wá fọ ọwọ́ tèmi. Nígbà tí àpá kọ́kọ́rọ́ ti yòrò tán, wọ́n nu ọṣẹ gbẹ, wọ́n gbé e fún ọkùnrin náà, wọ́n ní, "A dúpẹ́ o. Ọṣẹ yín hó dáadáa. Ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n yín." Ọkùnrin náà gba ọṣẹ rẹ̀, ó sì lọ. N kò mọ̀ bóyá ó ní ẹ̀gbọ́n.

Ọdún tó yẹ kí n gba fríídọ̀mù, wọ́n ti dá ọjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Fríídọ̀mù ni ọjọ́ tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, tí yóò da òróró sí i lórí, tí yóò ní kó lọ máa jẹun níbi tí òun ti jẹ. Bí o mọṣẹ́ ju baba iṣẹ́ lọ, tí o kò bá gba fríídọ̀mù, ọmọṣẹ́ ni ọ́. Ó sì ní èyí tó burú jù: ẹni tí kò gbà á kò lè fún ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ mi pé, mo ṣe ohun tí mo rò pé yóò dùn mọ́ ọ̀gá mi. Mo bá wọn wá ẹ̀rọ tó ń gé kọ́kọ́rọ́ láti Èkó. O kàn máa fi ògbólógbòó kọ́kọ́rọ́ sápá kan, o fi irin tuntun sápá kejì, ẹ̀rọ á hu gìrìrì, ó parí. Ọ̀gá Sámù wo ẹ̀rọ náà. Wọ́n wo ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "Ta ló wá gé e báyìí, ìwọ tàbí ẹ̀rọ?" Mo ní èmi ni mo tẹ ẹ̀rọ. Wọ́n ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn kò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ mi, ẹ̀rọ ni àwọn máa fún ní fríídọ̀mù. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí wọ́n dá sì kọjá lọ, kò sí àdúrà, kò sí òróró.

Wọ́n gbà kí n lọ dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. Wọn kò bínú sí mi. Wọ́n ní, "Lọ máa jẹun. Fríídọ̀mù ń bẹ lọ́wọ́ mi." Lọ́dọọdún ni mo máa ń ru iṣu lọ kí wọn, mo máa ń dọ̀bálẹ̀, mo máa ń bi wọ́n, wọ́n á sì ní àwọn kò tíì rí i. Mo gba ọmọṣẹ́ tèmi. Nígbà tí ọmọṣẹ́ mi àkọ́kọ́, Wáìdì ọmọ Àkànrán, parí, mi ò lè gbàdúrà fún un, Ọ̀gá Sámù ló ṣe é. Mo jókòó sáàárín àwọn ọmọṣẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Wáìdì tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ wá bọ̀ mí lọ́wọ́ pẹ̀lú òróró tó ń ṣàn létí rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má banú jẹ́. Tiyín náà á dé." Bó ṣe rí nìyẹn lórí gbogbo ọmọṣẹ́ tí mo kọ́. Irun orí mi ń funfun, mo ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì.

Ayé ń yí, irinṣẹ́ ń yí. Ilẹ̀kùn onínọ́ńbà dé, èyí tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí lára kó tó ṣí. Mo fi ọ̀kan sí ilé ìkẹ́rùpamọ́ oníṣòwò epo pupa kan ní Àkànrán. Nọ́ńbà mẹ́rin ni, àṣírí sì ni. Kò pé oṣù kan, epo ọwọ́ àwọn alágbàrù ti mú kí bọ́tìnnì mẹ́rin yẹn pọ́n dáadáa, àwọn yòókù sì mọ́ bí eyín ọmọdé. Ẹni tó bá lójú ti mọ àṣírí. Oníṣòwò náà ní kí n pààrọ̀ nọ́ńbà. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mẹ́rin mìíràn tún pọ́n. Nígbà tó yá, gbogbo bọ́tìnnì pọ́n, a sì wá ní àṣírí padà.

Lẹ́yìn èyí ni káàdì dé. Mo ti dàgbà nígbà náà, àmọ́ físíìsì tí mo kọ́ jí lójú oorun. Mo lọ kọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀ ní Èkó láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Ilẹ̀kùn oníkáàdì kò ní ihò kọ́kọ́rọ́. Òòfà irin kan ló di ilẹ̀kùn mú, agbára iná ló sì ń mú òòfà ṣiṣẹ́. O fi káàdì kan ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ògiri, ẹ̀rọ á bi àpótí kan léèrè pé, "Ṣé a mọ ẹni yìí?" Bí àpótí bá ní bẹ́ẹ̀ ni, iná àwọ̀ ewé á tàn, òòfà á sì jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn. Bí kò bá mọ̀ ọ́, iná pupa. Mo mú káàdì kan lọ fi han Ọ̀gá Sámù. Wọ́n dijú, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ ọ lọ tọ́ ọ bọ̀. Wọ́n ní, "Físíìsì, kọ́kọ́rọ́ yìí kò léyín. Báwo ló ṣe fẹ́ jẹun?"

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kọ́ ilé tuntun sí Erúnmu, wọ́n sì ní èmi ọmọ ìlú ni kí n wá ṣe ilẹ̀kùn oníkáàdì sí i. Alága ẹgbẹ́ náà jẹ́ ọmọ ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, bàbá gbọ̀ngbọ̀n kan tí kì í gbàgbé òfin. Ẹ má rò pé irin kíkàn ni iṣẹ́ náà. Irin kíkàn kò gbà mí ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ohun tó gbà mí lákòókò ni kíkọ́ àpótí náà ní ìwà ìlú. Àpótí mọ ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, ẹgbẹ́ sì ń pàdé ní ọjọ́ ọjà, ọrọọrún. Ìpàdé kan lè bọ́ sí Ọjọ́rú, kí èyí tó tẹ̀ lé e bọ́ sí Àìkú, àpótí kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ọjọ́ ọjà. Mo jókòó, mo ka ọjọ́ ọjà gbogbo ọdún, mo tẹ̀ wọ́n sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ irin ní oríkì ọjà rí.

Alága wá ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní àwọn mọ àwọn ènìyàn àwọn. Bí ẹnìkan bá wọlé tán, yóò na káàdì rẹ̀ gba ojú fèrèsé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, onítọ̀hún á sì wọlé wá jẹun ọjọ́ ìpàdé. Ṣé mo lè dí ọ̀nà yẹn? Mo ní mo lè dí i. Mo fi ẹ̀rọ kan síta, mo fi ọ̀kan sínú. Mo kọ́ àpótí pé káàdì tó bá ti wọlé kò gbọdọ̀ tún wọlé àyàfi tó bá kọ́kọ́ jáde, èyí tí kò bá sì wọlé kò gbọdọ̀ jáde. Inú Alága dùn. Wọ́n fi òfin tiwọn lé e: ẹnikẹ́ni tó bá na káàdì gba ojú fèrèsé yóò ra ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo ẹgbẹ́.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Wọ́n ta kánópì síta, oúnjẹ ń hó lẹ́yìn ilé. Yàtọ̀ sí èmi, ìgbìmọ̀ nìkan ni wọ́n tíì pín káàdì fún. Mo ti ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Sámù, Alága sì ti fún wọn ní káàdì tiwọn bí àlejò pàtàkì. Wọ́n wọ aṣọ funfun wọn dé, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n yọ ìgò òróró kan láti inú àpò. Mo mọ ìgò náà. Wọ́n ní, "Físíìsì, mo ti darúgbó. Mo gbé òróró yìí wá fún ọ. Bí ilẹ̀kùn rẹ bá ṣe bí o ti wí, màá dà á lé ọ lórí lónìí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, n kò ní gbé e jáde fún ọ mọ́." Àwọn ọmọṣẹ́ mi tí wọ́n ti gba tiwọn ti wà lábẹ́ kánópì, wọ́n ń wò wá.

Bísí ni akọ̀wé ẹgbẹ́, ọmọbìnrin tí ara rẹ̀ yá, òun ni mo kọ́ ní lílo káàdì. Ó fi káàdì rẹ̀ kan ẹ̀rọ ìta, iná àwọ̀ ewé tàn, ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe. Ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá ògiri, ó di ilẹ̀kùn mú kó má padà, ó ní kí àwọn bàbá máa wọlé. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbà lójú, kí àgbà wá máa tú agbádá wá káàdì? Alága kọjá, Alhaja akápò kọjá, gbogbo ìgbìmọ̀ kọjá, wọ́n ń súre fún un pé yóò rí ọkọ gidi fẹ́. Ọ̀gá Sámù wọlé. Èmi náà wọlé lẹ́yìn wọn, inú ìbẹ̀rù òróró ni mo wà, n kò rántí káàdì. Bísí fa ilẹ̀kùn padé láti ìta, ó lọ wo oúnjẹ.

A sọ̀rọ̀, a pàtẹ́wọ́. Alága ṣíṣọ lójú àwòrán ńlá bàbá wọn, ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, èyí tí káfíńtà ti kàn mọ́ ògiri ní kùtùkùtù ọjọ́ náà. Wọ́n wá ní kí á jáde lọ jẹun. Wọ́n fi káàdì kan ẹ̀rọ inú. Iná pupa. Wọ́n fi agbádá nu káàdì, wọ́n tún fi kàn án. Pupa. Alhaja ní bóyá wọn kò pe Bísímílà, ó pe é, ó fi tirẹ̀ kàn án. Pupa. Wọ́n tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dán tirẹ̀ wò, bí ẹni tó ń gba oúnjẹ sàárà. Mo fi tèmi kàn án. Pupa. Nígbà náà ló yé mi. Níwọ̀n bí àpótí ti mọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yìí, Bísí, tó wà níta. Àwa tó kù kò tíì dé.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi wà nínú ọkọ̀. Àpótí wà nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń gba ìta wọ̀. Mo fi bọ́tìnnì pàjáwìrì sára ògiri o, èyí tí ènìyàn lè tẹ̀ kí ilẹ̀kùn ṣí. Mo wò ó títí, n kò rí i. Àwòrán bàbá Alága ni káfíńtà kàn bò ó, ó kan ìṣó sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo rọra sọ ọ́ fún Alága. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní kí á hú òkú. Wọ́n ní, "Bàbá mi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sókè, ká tún já wọn sílẹ̀ kí oúnjẹ wọn tó jinná?" Gbogbo ìgbìmọ̀ ní èèwọ̀ ni.

Ẹnìkan rántí pé iná ló di ilẹ̀kùn mú. Bí iná bá lọ, a bọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ọjọ́ tí iná ti dé Erúnmu, n kò tíì gbọ́ kí wọ́n gbàdúrà pé kí iná lọ. Lọ́jọ́ náà, Mùsùlùmí gbà á, Kìrìsìtẹ́nì gbà á. Iná sì dúró gbọnrangandan bí kò ti ṣe rí. Nígbà tó pẹ́, ó lọ. Fáànù dúró. Wọ́n hó yèè, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kò mì. Mo ní láti sọ fún wọn pé mo fi bátìrì sí i.

Alága nu òógùn. "Ta ló ní kí o ra bátìrì?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ní kí n ra èyí tó dáa jù."

Mo wo ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gá Sámù. Wọ́n jókòó lórí àga. Wọ́n ti gbé ìgò òróró kalẹ̀ sórí tábìlì tẹ́lẹ̀. Mo rí i tí wọ́n mú un, tí wọ́n sì dá a padà sápò díẹ̀díẹ̀.

Bísí yọ lójú fèrèsé. Irin wà lójú fèrèsé náà, ọwọ́ nìkan ló lè kọjá níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síta, orí rẹ̀ nìkan là ń rí. Ó ní oúnjẹ ń tutù. Alága ní kó wá ṣílẹ̀kùn. Ó ní òun ti dán an wò, ó pupa, ẹ̀rọ ní òun ti wà nínú ilé.

Alága kọjú sí mi. "Bísí tó wà níta, ilẹ̀kùn ní ó wà nínú ilé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi ńkọ́, níbo ló ní mo wà?"

"Ìta, sà."

"Ta ló wá ń làágùn níbí?"

Alhaja akápò bú sẹ́rìn-ín tó fi di ògiri mú. Ṣùgbọ́n bí mo ti fẹnu ara mi sọ ìta yẹn ni ojú mi là. Káàdì Alága wà níta lójú àpótí. Ẹni tó wà níta lè wọlé. Mo ní, "Bàbá, ẹ na káàdì yín sí Bísí. Bó bá fi kan ẹ̀rọ ìta, ilẹ̀kùn á gbà pé ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, á sì ṣí."

Alága na ọwọ́ sápò, wọ́n dá a dúró. Wọ́n wo irin ojú fèrèsé. Wọ́n rántí òfin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òfin tó mú ẹrú ló mú ọmọ, pé alága kò lè kọ́kọ́ rú òfin tí alága ṣe, pé kí á gbé e yẹ̀ wò nínú ìpàdé. Alhaja ní, "Alága, ẹlẹ́rìndòdò tí ẹ fẹ́ sá fún yẹn gan-an ni òùngbẹ rẹ̀ ń gbẹ wá. Ẹ na káàdì síta." Alága na káàdì síta. Bísí fi kàn án. Iná àwọ̀ ewé tàn, ilẹ̀kùn ṣí, afẹ́fẹ́ wọlé. Bí wọ́n ti ń jáde, kò sí ẹni tó dúró de ẹnìkejì, àgbà ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti àgbà.

Lábẹ́ kánópì, n kò lè jẹun. Ọ̀gá Sámù jẹun tiwọn tán, wọ́n mu ẹlẹ́rìndòdò Alága, wọ́n fọwọ́. Wọ́n pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé àwòrán àti bátìrì. Wọ́n ní kí n dákẹ́.

"Láti kékeré ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí," wọ́n ní. "Kò sí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ mi rí tí n kò rí ọ̀nà sí. Gbogbo ìgbà tí ẹ ń pariwo yẹn, mo ń wo tìrẹ. Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. N kò rí ọ̀nà sí i."

"Ọ̀gá, mo ti àwọn àgbà mọ́lé."

"O tì wọ́n mọ́ dáadáa. O ti èmi náà mọ́. Ṣíṣí rẹ̀ ni kò tíì yé ọ, wàá máa kọ́ ìyẹn lọ. Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ sórí koríko pẹ̀lú irun funfun mi. Òróró náà tutù, ó ṣàn wọ etí mi, ó ṣàn wọ ọrùn aṣọ tí mo rán fún ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí n lọ máa jẹun níbi tí àwọn ti jẹ. Gbogbo àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ṣe àmín. Wáìdì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n máa rántí kí òun dáadáa láti ọjọ́ yẹn lọ, nítorí òun ṣáájú mi gba fríídọ̀mù. N kò mọ̀ bóyá mo ń rẹ́rìn-ín ni tàbí mo ń sunkún, òróró ti wọ̀ mí lójú.

Ní ọjọ́ kejì mo yọ òfin pé káàdì gbọdọ̀ wọlé kó tó jáde kúrò nínú àpótí, mo sì gbé bọ́tìnnì kúrò lẹ́yìn bàbá Alága. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ kọ̀ǹpútà, ó dáa. Àmọ́ kí ẹ tó kọ́ ilẹ̀kùn ní ìwà, ẹ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń wọlé.

Ọ̀gá Sámù ti lọ. Lójú oorun ni wọ́n lọ, wọn kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Alhaja akápò náà ti lọ, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó ti Mẹ́kà dé. Alága ṣì wà, ojú wọn ni kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n sì ń jiyàn títí dòní pé àwọn kò na káàdì gba ojú fèrèsé kankan. Wáìdì wà ní Àkànrán, ó sanra, ó ṣì ń retí kí n kí òun. Bísí wà, ó rí ọkọ gidi fẹ́, ó ti bímọ mẹ́ta. Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Ilẹ̀kùn yẹn náà ṣì wà. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó lọ, iná rẹ̀ ń tàn, ẹ̀rọ rẹ̀ ń ka káàdì dáadáa. Wọ́n ti yí òkúta ńlá kan sídìí rẹ̀, òkúta náà ló ń gbé e dúró ní ṣíṣí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní kí àgbà dúró síta.